Ẹ̀jẹ̀ Ìgbín Odò

Ẹni tó bá ti fọ́ ìdí ìgbín láti gba omi ẹ̀rọ̀ mọ̀ pé omi náà kì í pupa. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ní, nítorí bàbà tó wà nínú rẹ̀. Ti Biomphalaria, ìgbín kékeré inú omi, yàtọ̀. Ìkarahun rẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n bíi tiwa. Inú omi ẹ̀jẹ̀ ni pupa yẹn wà o. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kò láwọ̀ rárá. Ogun ni iṣẹ́ tiwọn.

Aràn àtọ̀sí ajá ni wọ́n ń bá jà. Bí ìgbẹ́ ẹni tó ní aràn yìí bá dé inú omi, ẹyin á pa, ọmọ aràn á lúwẹ̀ẹ́ títí yóò fi gún ara ìgbín wọlé. Nínú ìgbín tó lè kojú rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì á rọ́ dé, wọ́n á tẹ́ ara wọn lé e, ọ̀kan lórí èkejì, títí wọ́n á fi bò ó pátápátá, wọ́n á sì da hydrogen peroxide lé e lórí. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó ti kú. Bí wọn kò bá rí i pa, lẹ́yìn bí oṣù kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ aràn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, wọ́n á máa wá awọ ènìyàn tí wọn yóò wọ̀.

Ta wá ń ké sí àwọn jagunjagun tí kò lójú tí kò létí wọ̀nyí? Àwọn pùròtéènì kan ni. Ọ̀kan ni MIF, tó wà lára àwa náà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì dí jíìnì rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìgbín, àwọn sẹ́ẹ̀lì kò bo aràn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, aràn sì pọ̀ sí i. Èkejì, granulin, ló yà mí lẹ́nu jù. Ní 2016, àwọn olùwádìí kọ ọ́ pé àwọn gún un fún ìgbín tí aràn máa ń ṣẹ́gun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan di púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú ìgbín náà sì borí aràn.

Gúúsù Amẹ́ríkà àti Karíbíánì ni ilé Biomphalaria glabrata tí wọ́n fi ṣe ìdánwò yìí. Aràn ọ̀hún ní tirẹ̀, láti Áfíríkà ló ti bá ara àwọn ẹrú kọjá òkun dé Bràsíìlì. Nílé wa níbí, Bulinus, tí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà pọ́n, ló ń gbé irú èyí tó ń mú kí ọmọdé máa tọ ẹ̀jẹ̀, bíi ní àyíká ìdídò Ọ̀yán ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Oògùn praziquantel ń pa aràn inú ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ èyí tó wà nínú ìgbín.