Ọkọ̀ tí kì í fara kan omi, tó ti gba Odò Ọya kọjá rí

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gẹ irun ní Fate, n'Ílọrin, ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò kan fi fídíò hàn wá lórí fóònù: ẹ̀rọ ràgàjì kan tó ní apá bíi bàálù, tó ń sáré lórí òkun láì fara kan omi. Wọ́n ní AI ni. Mo ní rárá o, òótọ́ ni. Àwọn ará Soviet ló ṣe é. KM ni wọ́n ń pè é, ó gùn tó mítà 92, Òkun Caspian ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lọ́dún 1966. Ibẹ̀ náà ló já sí lọ́dún 1980.

Bébà tó bá já bọ́ sórí ilẹ̀ tó ń dán, ṣé ẹ ti rí i bó ṣe máa ń yọ̀ lọ kó tó dúró? Afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ rẹ̀ ló gbé e. Ohun kan náà ló ń ran apá KM lọ́wọ́ tó bá sún mọ́ omi. Tó bá fò ga jù, àǹfààní yẹn ti lọ nìyẹn.

Hovercraft jẹ́ ẹbí rẹ̀, àmọ́ òun ò nílò apá. Fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn sábẹ́ ara rẹ̀, táá wá jókòó lé e bíi tìmùtìmù. Agolo kọfí àti agolo oúnjẹ ológbò ni Christopher Cockerell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ fi dán an wò (ẹ má rẹ́rìn-ín). Lọ́jọ́ 25, oṣù Keje, 1959, SR.N1 gba orí omi láti Calais dé Dover.

Ibi tó kàn wá rèé. Lọ́dún 1969, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé hovercraft SR.N6 kan láti Dakar lọ sí Kinshasa, ìrìn bíi 5,000 máìlì. Odò Ọya wà lára ọ̀nà tí wọ́n gbà, odò kan náà tó ń ṣàn kọjá ní Jẹ́bà àti Pátígí ní Kwara wa níbí.

Mo dárúkọ Pátígí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Ní oṣù Kẹfà, 2023, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó àwọn ará abúlé ibẹ̀ bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó lóru kọlu igi kan nínú omi, ó sì là sí méjì. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún.

Àbúrò yẹn bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí hovercraft ò bá ti gba orí igi yẹn kọjá. Kí ló dé tí wọn ò rà á?”

Ìbéèrè gidi ni. Àmọ́ kò lè léfòó sórí afẹ́fẹ́ láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kódà kó má tíì rìn rárá. Ẹ wá fojú inú wo owó epo. Ariwo rẹ̀ ń dini létí, rọ́bà tó yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká sì máa ń gbó. Dover sí Calais gan-an, wọ́n ti pa á tì láti ọdún 2000.

Mo ní kó fi hovercraft sílẹ̀ ná. Igi inú omi ṣeé yọ. Ẹ̀wù tó ń múni léfòó kò tó owó epo ọjọ́ kan. Ó tún fẹ́ bi mí nǹkan, ni ẹni tó ń gẹ irun bá ní àga ti ṣófo, ó kàn mí.