Kí Ni Ó Wà Nínú Owó Iná Tí À Ń San?

Bí a bá ń ka àwọn ohun tí ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ayálégbé inú àgbàlá kan náà, owó iná mànàmáná kò ní gbẹ́yìn. Ẹnì kan á ní iye tí wọ́n pín fún òun ti pọ̀ jù. Ẹlòmíràn á ní òun kò sí nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Onílé á ní kí olúkúlùkù ṣáà mú owó wá kí wọ́n má baà wá já wáyà. Nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀, a kì í sábà rí ẹni tí ó mọ bí a ti ń ṣírò owó náà gan-an. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a yẹ owó iná wò lónìí: ibi tí ó ti ń wá, ohun tí ń gbé e ga, àti bí a ṣe lè san án láìrẹ́ ara wa jẹ.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn wa máa ń béèrè níhìn-ín. Wọ́n á ní, "Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ughelli kò jìnnà sí wa, ti Sapele náà sì wà ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà. Gáàsì tí wọ́n fi ń ṣe iná ń jáde láti inú ilẹ̀ Delta. Èéṣe tí ẹni tí ń gbé lẹ́bàá kànga fi ń ra omi ní ọ̀wọ́n?" Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání, ìdáhùn rẹ̀ sì nìyí. Iná tí wọ́n ń ṣe ní Ughelli láti 1966 kì í ṣe ti Ughelli nìkan. Orí wáyà ńláńlá kan tí ó so gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀ ni ó ń wọ̀, níbi tí ó ti ń dà pọ̀ mọ́ iná tí ó wá láti Egbin ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àti èyí tí omi ń ṣe ní Kainji, Jebba àti Shiroro. Ó dà bí odò kan tí ọ̀pọ̀ ìṣàn ń wọ inú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè bu igbá kan kí ó sọ pé omi ìṣàn báyìí ni. Nítorí náà, jíjẹ́ aládùúgbò ilé-iṣẹ́ amúnáwá kò dín owó kù fún ẹnikẹ́ni.

Lójú àwọn àgbà wa, NEPA ni orúkọ iná. Ní 1972 ni wọ́n dá NEPA sílẹ̀, nígbà tí wọ́n pa ECN, tí ó ti wà láti 1950, pọ̀ mọ́ àjọ tí ń ṣàkóso ìdídò Kainji. Ìjọba ni ó ń ṣe iná, òun ni ó ń gbé e, òun náà ni ó ń pín in, owó tí ó sì bá wù ú ni ó ń gbà. Ní 2005, òfin tuntun pín iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, ó sì dá àjọ NERC sílẹ̀ láti máa fi ọwọ́ sí iye owó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, 2013, wọ́n fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Èyí tí ó kàn wá ni BEDC, tí a fi Edo, Delta, Oǹdó àti Èkìtì fún. Ẹ̀yin tí ẹ ti Akúrẹ́, Ọ̀wọ̀ tàbí Adó-Èkìtì wá, orúkọ kan náà ni ẹ bá pàdé níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a wá tọ ipasẹ̀ owó náà láti orísun rẹ̀.

Èkínní ni gáàsì. Ju 70 lọ nínú 100 iná tí ń bẹ lórí wáyà orílẹ̀-èdè yìí ni ó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ tí ń jó gáàsì wá. Bí gáàsì náà tilẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ wa, dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé e. Ní oṣù Kẹrin 2024, iye tí ìjọba fi lélẹ̀ fún àwọn amúnáwá jẹ́ dọ́là 2.42 lórí ìwọ̀n tí àwọn onígáàsì ń pè ní MMBtu. Ẹ ó rántí pé láti oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí ìjọba jẹ́ kí náírà máa wá ipò rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi 470 náírà, ó sì ti kọjá 1,400 kí 2024 tó parí. Bí iye gáàsì kò bá tilẹ̀ yí padà rárá ní dọ́là, ó ti di ìlọ́po mẹ́ta ní náírà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀rọ, wáyà àti mítà tí a ń kó wọlé láti òkè òkun.

Èkejì ni gbígbé iná náà. Àwọn wáyà ńláńlá tí ń kọjá lórí oko àti odò ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, owó ìlò wọn sì wà nínú ohun tí à ń san. Ẹ̀kẹta ni pípín in: òpó àdúgbò, tíráńsífọ́mà, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, àti èrè ilé-iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ọ̀pọ̀ wa kò kà sí, ìyẹn àdánù. Apá kan iná ń ṣòfò nínú wáyà gbígbóná. Apá kan ni àwọn ènìyàn ń jí. Apá mìíràn ni wọ́n kọ ìwé owó rẹ̀ tí ẹni tí ó lò ó kò san. Ní 2024, bí a bá kó àdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹni tí ó bá kó ọsàn mẹ́ta lọ sọ́jà, tí ọ̀kan sì sọnù lọ́nà, owó mẹ́ta ni yóò fẹ́ fi méjì tí ó kù pa. NERC kì í gbà kí wọ́n di gbogbo àdánù náà lé oníbàárà lórí, ṣùgbọ́n apá tí àjọ náà bá fọwọ́ sí ń wọ inú iye tí à ń san. Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí ni owó-orí ọjà, tí ó di 7.5 lórí 100 ní 2020.

Èéṣe nígbà náà tí owó àdúgbò kan kò fi dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì, tí ilé-iṣẹ́ kan náà sì ń fún wọn ní iná? Láti 2020 ni wọ́n ti ń fi wákàtí iná pín oníbàárà sí Báńdì. Báńdì A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, B, wákàtí 16, C, 12, D, 8, E, 4. Ní oṣù Kẹrin 2024, ìjọba yọ ọwọ́ ìrànwọ́ rẹ̀ kúrò lórí Báńdì A nìkan. Yúníìtì kan, tí ó jẹ́ nǹkan bíi 68 náírà tẹ́lẹ̀, fò sí 225. Ní oṣù Karùn-ún ó sọ̀ kalẹ̀ sí 206.80, ní oṣù Keje ó gòkè sí 209.50. Iye tí àwọn ilé tí ó wà ní Báńdì yòókù ń san nígbà náà kò tó ìdajì èyí. Kì í ṣe pé iná tiwọn rọrùn láti ṣe; ìjọba ni ó gbà láti ru ìyókù, ẹrù náà sì ju tírílíọ̀nù kan náírà lọ ní 2024.

Ẹ fi èyí náà sọ́kàn. Òfin iná ti 2023 fún ìjọba ìpínlẹ̀ láṣẹ láti máa ṣàkóso iná tirẹ̀, Èkìtì àti Oǹdó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ náà lọ́wọ́ NERC. Bí àbúrò yín bá tẹ̀ yín láago láti Akúrẹ́ pé báyìí ni àwọn ń san, ẹ má ṣe fi iye tọ̀hún dá ẹjọ́ ti ìhín.

Ìwọ̀nyí ni ohun tí ń pinnu iye yúníìtì kan, ọwọ́ wa kò sì tó o. Ṣùgbọ́n iye yúníìtì tí a ó lò wà lọ́wọ́ wa, ìṣirò rẹ̀ kò sì le. Lára ohun èlò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ wáàtì rẹ̀ sí. Ẹ fi wáàtì náà sọ iye wákàtí di púpọ̀, kí ẹ fi 1,000 pín in. Èsì rẹ̀ ni yúníìtì. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 ń jẹ yúníìtì kan ní wákàtí kan. Fáànù oníwáàtì 75 yóò fẹ́ẹ̀ fẹ́ fún wákàtí 13 kí ó tó jẹ yúníìtì kan. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 yóò jẹ ẹ́ tán ní wákàtí 17. Ti ìgbàlódé oníwáàtì 10 yóò tàn fún wákàtí 100. Ẹ rí i pé ohunkóhun tí ń mú nǹkan gbóná tàbí tí ń mú un tutù ni ó ń jẹ owó, kì í ṣe ohun tí ń tan ìmọ́lẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí inú àgbàlá. Ká sọ pé ìdílé méjì ń lo mítà kan. Opó kan ń gbé yàrá kìíní: fáànù kan fún wákàtí 10, gílóòbù ìgbàlódé méjì àti tẹlifíṣọ̀n oníwáàtì 80 fún wákàtí márùn-ún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ yúníìtì 1.25 lójúmọ́. Ìdílé kejì ń lo irú ohun kan náà, wọ́n sì fi sítóòfù oníná oníwáàtì 1,500 kún un fún wákàtí kan, áyọ́ọ̀nù fún ìṣẹ́jú 15, àti fíríìsà tí ń jẹ yúníìtì méjì lójúmọ́. Tiwọn jẹ́ yúníìtì márùn-ún. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, àwọn méjèèjì yóò lo 187.5. Ní 209.50 pẹ̀lú owó-orí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 42,230 náírà. Bí wọ́n bá dá a sí méjì dọ́gbadọ́gba, opó náà yóò san nǹkan bíi 21,110, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó lò kò ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, èyí tí í ṣe nǹkan bíi 8,440. Oṣooṣù ni ó ń fi ju 12,000 náírà bá aládùúgbò rẹ̀ se ọbẹ̀, láìmọ̀. Kò sí ẹni tí ó jí owó rẹ̀. Àìṣírò ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbàlá tí ó bá lágbára, kí wọ́n ra mítà kékeré fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá lágbára, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n ka ohun èlò olúkúlùkù, kí wọ́n sì fi ìwọ̀n pín in.

Olè jíjà ńkọ́? Àwọn kan ń fi wáyà gba ẹ̀yìn mítà kí ó má baà kà. Wọ́n á ní ilé-iṣẹ́ olówó ni àwọn ń jẹ, kì í ṣe ènìyàn. Ẹ rántí àdánù tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan. Ara tíráńsífọ́mà àdúgbò ni ẹrù náà kọ́kọ́ ń wọ̀ sí. Bí ó bá jóná, gbogbo wa ni a jọ ń jókòó sínú òkùnkùn. Apá kan nínú owó rẹ̀ ni ẹni tí ń ra káàdì lódodo sì ń san. Òfin Keje dé inú wáyà iná pẹ̀lú. Àwọn bàbá wa sì ti wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ṣùgbọ́n òdodo kò dúró sí ọ̀dọ̀ oníbàárà nìkan. Láti oṣù Kejì 2020, NERC ti fi òdiwọ̀n sí iye tí wọ́n lè kọ fún ẹni tí kò ní mítà. Ẹni tí wọ́n bá kọ ju òdiwọ̀n lọ fún lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà, kí ó tọ́jú ẹ̀dà ìwé rẹ̀, kí ó sì gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ àjọ tí ń ṣàkóso bí wọn kò bá dáhùn. Nígbà tí owó Báńdì A gòkè ní 2024, NERC pàṣẹ pé àdúgbò tí kò bá rí wákàtí tirẹ̀ gbà fún ọjọ́ méje léraléra, kí wọ́n já a sí Báńdì tí ó tọ́ sí i. Nítorí náà, ẹ máa kọ wákàtí iná sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ariwo ẹnu kì í ṣe ẹ̀rí. Àkọsílẹ̀ ni ẹ̀rí.

Ẹ̀yin ará mi, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí àgbàlá kọ̀ọ̀kan mú ìwé kan àti kálàmù kan, kí wọ́n jọ ka ohun èlò wọn, bẹ̀rẹ̀ láti yàrá ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù. Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà sí ibùgbé yín gbogbo. Àmín.