Àwòrán Inú Káàdì àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ó ti pẹ́ tí a ti mọ Ṣómólú mọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Láti Bárígà àti káàkiri Èkó ni àwọn ènìyàn ti ń gbé ìwé ètò ìsìnkú wá síbẹ̀. Òǹtẹ̀wé yóò béèrè àwòrán olóògbé. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń mọ̀ pé èyí tí àwọn gbójú lé ti parẹ́.

Nígbà tí a ń lo fíìmù, àwòrán 36 ni fíìmù kan sábà máa ń gbà mọ, ayàwòrán a sì máa tọ́jú nẹ́gátíìfù. Káàdì kámẹ́rà, irú SD tí SanDisk, Panasonic àti Toshiba gbé jáde ní 1999, lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lónìí. Ṣùgbọ́n a máa ń pa ti àná rẹ́ kí ti òní lè ráyè.

Bí a bá pa àwòrán rẹ́, orúkọ rẹ̀ nínú atọ́ka káàdì ni ó sábà ń kọ́kọ́ lọ. Àwòrán fúnra rẹ̀ lè wà níbẹ̀ títí òmíràn yóò fi gorí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa á rẹ́ kò gbọdọ̀ ya òmíràn sí i. Kí ó yọ káàdì náà, kí ó gbé e tọ ẹni tí ó mọ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà wá a jáde.

Èyí tí ó sàn jù ni pé kí a ṣe àdàkọ rẹ̀ sí ibi méjì, kí a sì tẹ díẹ̀ sórí pépà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.