Bí Àwọn Ọ̀rẹ́ Orí Géèmù Ṣe Dé Ẹnu Ọ̀nà Òlíńpíìkì Ìgbà Òtútù

Ìlú Durban ní Gúúsù Áfíríkà ni Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé jókòó sí ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2011, láti yan ibi tí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ti ọdún 2018 yóò ti wáyé. Ibi mẹ́ta ló ń du ú: PyeongChang ní Gúúsù Kòríà, Munich ní Jámánì, àti Annecy ní Faransé. Wọn ò tilẹ̀ ní láti dìbò lẹ́ẹ̀kejì. PyeongChang kó ìbò 63, Munich ní 25, Annecy sì ní 7 péré. Ẹ̀ẹ̀mejì ni PyeongChang ti fi ìbò díẹ̀ pàdánù ṣáájú ìgbà náà, Vancouver kọ́kọ́ gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, Sochi tún gbà á. Ti Annecy ló wá yàtọ̀: kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn rárá.

Síbẹ̀, kó tó pé ọdún méje, àwọn ará Annecy kan rí ọ̀nà mìíràn wọ PyeongChang, inú kọ̀ǹpútà sì ni ọ̀nà náà gbà. Bí eré orí íntánẹ́ẹ̀tì àti eré orí yìnyín ṣe pàdé ní Kòríà ní oṣù Kejì ọdún 2018 ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn yìí ló ń fi owó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀; wọ́n á ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ló tú àpò sílẹ̀. Lóòótọ́ ni owó wà níbẹ̀, àmọ́ owó kọ́ ló dá a sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ibi tí wọ́n á jókòó sí láti jọ ṣeré, láti jọ tàkúrọ̀sọ, ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì yẹ ká fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn.

Ìparí ọdún 1997 ló yẹ ká ti mú un. Owó won ti Kòríà já wálẹ̀ lójijì, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń wó lulẹ̀, ìjọba sì lọ yá owó lọ́wọ́ àjọ IMF ní oṣù Kejìlá. Wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró lọ rẹpẹtẹ. Baálé ilé tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì bá ara rẹ̀ nílé lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ìwọ̀nba owó tí wọ́n fi yọ ọ́ níṣẹ́. Àwọn kan fi owó náà dá ilé oúnjẹ sílẹ̀. Àwọn mìíràn ra kọ̀ǹpútà, wọ́n tò ó sí yàrá ńlá kan, wọ́n fa íntánẹ́ẹ̀tì tó yára wọ ibẹ̀, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ní wákàtí-wákàtí. PC bang ni wọ́n ń pe irú ibẹ̀. Iye wọn pọ̀ kíákíá débi pé ó ti lé ní 20,000 ní ọdún 2001.

Àkókò yẹn gan-an ni StarCraft jáde. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1998 ni ilé iṣẹ́ Blizzard ní California gbé e síta. Ẹ̀yà mẹ́ta ló ń bá ara wọn jagun nínú rẹ̀: Terran, Zerg àti Protoss. Ẹni tó ń ta á ní láti máa wa ohun àmúṣọrọ̀, kó máa kọ́ ilé, kó máa kó ọmọ ogun jọ, kó sì máa ṣọ́ ohun tí ọ̀tá ń ṣe lábẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìdúró mí. Blizzard ò fi Kòríà sọ́kàn nígbà tó ń ṣe é. Àwọn ọmọ Kòríà ni wọ́n sọ ọ́ di tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú PC bang kan. Kọ̀ǹpútà tò lọ rẹrẹ, ìjókòó tó ga lẹ́yìn wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sì wà létí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Abọ́ núdù ramyeon gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ bọ́tìnnì, nítorí ẹni tó bá dìde lọ jẹun lè bá ibùdó rẹ̀ ní ahoro nígbà tó bá padà dé. Ọ̀rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó tira wọn. Owó tí wọ́n ń mú lọ sílé ìwé tó o, nǹkan bíi won 1,000 ni wákàtí kan nígbà náà. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ọkùnrin ṣe ń rọ̀gbà yí ọpọ́n ayò ká nílẹ̀ wa, tí ọ̀ta ń fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, tí àwọn òǹwòran ń dá sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n, ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àṣà kan sì wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀: ẹni tó bá rí i pé òun ti fìdí rẹmi kì í kàn pa kọ̀ǹpútà kó máa lọ. Á kọ́kọ́ tẹ lẹ́tà méjì, gg, láti sọ fún ẹni tó nà án pé eré náà dára, kó tó jáde. Ẹni tó bá jáde láìtẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Láti ibẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n ti gbà á. Ní ọdún 2000, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ongamenet bẹ̀rẹ̀ sí í fi géèmù hàn tọ̀sán-tòru, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ KeSPA sílẹ̀ ní ọdún kan náà láti máa bójú tó àwọn tó ń ta géèmù jẹun. Lim Yo-hwan, ọ̀ta StarCraft tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí BoxeR, di ẹni tí àwọn ọmọge ń hó fún. Ní oṣù Keje ọdún 2004, wọ́n ṣe àṣekágbá ìdíje StarCraft kan ní etíkun Gwangalli ní ìlú Busan, ìròyìn sì sọ pé àwọn tó wá wòran tó 100,000. Ẹgbàágbèje ènìyàn jókòó sórí iyanrìn láti wo ọmọ ogun inú kọ̀ǹpútà! Ẹni tó bá ṣì ń béèrè lẹ́yìn ìyẹn pé ṣé eré gidi ni, kó lọ bi iyanrìn Gwangalli.

Ká wá padà sí Annecy. Etí adágún ni ìlú yìí wà, àwọn òkè Alps yí i ká, ìgbà òtútù ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kó àwọn ènìyàn lọ sórí òkè wọ̀nyẹn láti lọ yọ̀ lórí síkíì. Láti ọdún 1996 ni ilé iṣẹ́ géèmù Ubisoft ti ní ẹ̀ka kan níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ ẹ̀ka yìí mọ́ jù ni apá géèmù tí ènìyàn ti ń pàdé ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì: àwọn ló ṣe irú apá bẹ́ẹ̀ fún Splinter Cell, tí wọ́n sì ṣe é fún Assassin's Creed. Géèmù àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá ṣe. Nígbà tí ó wá kan àwọn láti mú tiwọn jáde, wọn ò wá a lọ síbi tó jìnnà. Òkè tó yí ìlú wọn ká ni wọ́n mú.

Steep ni wọ́n pè é, ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 2016 ló sì jáde. Gbogbo òkè ló ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó ń ta á. Ó lè mú síkíì, ó lè mú snowboard, ó lè wọ aṣọ abìyẹ́ kó fò láti orí àpáta, ó sì lè fi páráṣúùtì rọra sọ̀ kalẹ̀. Géèmù náà kì í ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan bínú sí ìyẹn gan-an, wọn ò sì jẹ̀bi, nítorí ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá já kò lè ṣe ohunkóhun. Ohun tí àwọn tó ṣe é ń wá ni pé kí òkè náà má ṣófo. Bí o ṣe ń yọ̀ bọ̀, àjèjì kan lè ré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kó máa wọ́ ipa síkíì rẹ̀ sínú yìnyín tuntun. Bí ó bá wù ọ́, o lè dara pọ̀ mọ́ ọn. Ènìyàn mẹ́rin ló lè wà nínú ẹgbẹ́ kan. Èyí tó ṣubú lára wọn á tẹ bọ́tìnnì, á padà sókè, àwọn yòókù á dúró dè é nísàlẹ̀, ẹ̀rín á sì máa pa wọ́n. Ìgbà tí ẹ bá parí, géèmù náà lè fa ìlà sórí òkè láti fi gbogbo ibi tí o gbà hàn ọ́, kí o tún un wò, kí o sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́.

Ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn ni pé nígbà náà, ẹnu ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìka. Láyé StarCraft àkọ́kọ́, ẹni tí kò sí nítòsí rẹ, o ní láti kọ ọ̀rọ̀ sí i, ta ló sì ráyè kọ̀wé lójú ogun? Oríṣiríṣi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ló wá dìde lẹ́yìn ìyẹn, títí dórí Discord. Jason Citron àti Stanislav Vishnevskiy ló dá a sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015. Géèmù ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, Fates Forever lorúkọ rẹ̀, kò sì mú owó wọlé bí wọ́n ṣe rò. Wọ́n wá rí i pé ohun tó ń dun àwọn ọ̀tagéèmù ju géèmù tuntun lọ ni ibi tí wọ́n á ti máa gbọ́ ohùn ara wọn láìsí wàhálà. Ọmọ kan lè wà ní Oslo, èkejì ní Toronto, ẹ̀kẹta ní Seoul, kí wọ́n jọ wà lórí òkè kan náà lálẹ́, kí ọ̀kan máa pariwo fún èkejì pé kó yà sọ́wọ́ òsì nítorí àpáta. Wọ́n á sì tún máa sọ̀rọ̀ nípa yìnyín gidi tó já sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn láàárọ̀, tàbí ẹni tí wọ́n rò pé yóò gba góòlù nínú eré snowboard. Irú ìtàkúrọ̀sọ báyìí kò sí nínú ìwé àdéhùn ilé iṣẹ́ kankan, òun sì ni gbogbo ìwé àdéhùn wọ̀nyẹn ń sáré lé.

Ọdún 2017 ni ọ̀nà méjèèjì yìí, ti Kòríà àti ti Annecy, já sí ara wọn. Ní oṣù Kẹfà, ilé iṣẹ́ Intel di onígbọ̀wọ́ ńlá fún Òlíńpíìkì. Ní oṣù Kẹwàá, àwọn aláṣẹ Òlíńpíìkì pàdé ní Lausanne, wọ́n sì sọ pé a lè ka géèmù ìdíje sí eré ìdárayá, pé àwọn tó ń ta á ń gbáradì gidigidi bíi ti àwọn eléré ìdárayá yòókù. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, Intel kéde ìdíje kan tí Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì fọwọ́ sí, tí yóò wáyé ní Kòríà kété ṣáájú Òlíńpíìkì: StarCraft II ni wọn yóò fi díje, wọn yóò sì fi Steep ṣe àfihàn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, Annecy gbé àfikún Steep jáde, Road to the Olympics, tí ó ní àwọn òkè Japan àti pápá ìdíje PyeongChang nínú. Báyìí ni ìlú tó ní ìbò méje ní Durban ṣe di ẹni tí ń ṣí ilẹ̀kùn PyeongChang fún gbogbo ẹni tó ní kọ̀ǹpútà.

Gangneung, ìlú etíkun tí wọ́n ti ṣe eré orí omi dídì nínú Òlíńpíìkì yẹn, ni ìdíje StarCraft II náà ti wáyé. Ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2018 ni ó parí, ọjọ́ méjì ṣáájú ayẹyẹ ìṣíde Òlíńpíìkì. Sasha Hostyn ọmọ Kánádà, tí wọ́n mọ̀ sí Scarlett, ló wọ àṣekágbá, ẹni tí yóò bá pàdé sì ni Kim Yoo-jin, tí ń jẹ́ sOs, ọmọ onílẹ̀, ẹni tó ti gba ife àgbáyé lẹ́ẹ̀mejì. Zerg ni Scarlett ń lò, Protoss ni sOs. Kò sí ẹni tó lè bú ẹni tó bá fi owó rẹ̀ lé sOs lọ́jọ́ náà. Scarlett nà án ní 4 sí 1. Kò tíì sí obìnrin tó gba irú ìdíje ńlá bẹ́ẹ̀ nínú StarCraft II rí, ní ilẹ̀ Kòríà níbi tí eré náà ti di ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara wọn ló sì ti gbà á.

Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, àwọn ọmọ tiwa náà dé PyeongChang fún Òlíńpíìkì gan-an. Seun Adigun, tó sá eré ìdíwọ́ fún Nàìjíríà ní London 2012, kó Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga sòdí wá fún eré bobsled, ọkọ̀ àfiyọ̀ tó ń já bọ̀ nínú kòtò omi dídì bí ọta ìbọn. Àwọn ni ikọ̀ bobsled àkọ́kọ́ láti Áfíríkà nínú Òlíńpíìkì. Houston ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ooru ti ń mú. Pákó ni Seun fi kan ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń dánra wò, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni wọ́n ti bẹ̀bẹ̀ owó, dọ́là 75,000, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ wọ́n àti ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Simidele Adeagbo náà wà níbẹ̀ nínú eré skeleton, tó ń dojú bolẹ̀ sáré lórí omi dídì. Ipò ogún ni àwọn méjèèjì wà, ikọ̀ bobsled àti Simidele. Mi ò ka ìyẹn sí ìkùnà rárá. Àwọn àti Scarlett wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò fojú sí, àwọn tí kò rí wọn sójú rí ló sì ń tì wọ́n lẹ́yìn.

Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì ò tètè mọ ohun tí yóò fi géèmù ìdíje, ọ̀rẹ́ tuntun yìí, ṣe. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, Thomas Bach, olórí wọn nígbà náà, sọ pé géèmù tí wọ́n ti ń pa ènìyàn kò lè wọ Òlíńpíìkì. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje orí íntánẹ́ẹ̀tì tiwọn ní ọdún 2021, kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi, eré ọkọ̀ àti bẹ́sìbọ́ọ̀lù ni wọ́n mú. Yìnyín ò sí níbẹ̀. Ní ọdún 2024 wọ́n fọwọ́ sí Òlíńpíìkì géèmù pẹ̀lú Sáúdí Arébíà, àdéhùn náà sì tú ká ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025.

Àwọn ará Annecy ò dúró de ìbò kankan. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ni wọ́n gbé Riders Republic jáde. Níbi eré àjùmọ̀sá rẹ̀, àwọn tó lé ní 60 lè tò sórí òkè kan náà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí síkíì, kí wọ́n bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà, kí wọ́n máa kọlu ara wọn, kí olúkúlùkù máa pariwo orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ láti mọ ibi tó wà nínú àwọn èrò.