Àgbàdo Ojú Títì, Lọ́nà Àwọn Ará Mẹ́síkò

Àgbàdo tí àwọn ìyá ń sun lẹ́bàá títì márosẹ̀ ní Ibafo àti Mowe sún mọ́ èyí tí wọ́n ń jẹ nígboro Mẹ́síkò ju àgbàdo inú ọ̀pọ̀ ìwé oúnjẹ òyìnbó lọ. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó rí àwòrán oúnjẹ yìí lórí fóònù ló rò pé dandan ni kí àwọn lọ wá àgbàdo alágolo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbàdo aládùn ti Amẹ́ríkà rọ̀, omi àti ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà leyín ti rún un tán. Èyí tí wọ́n sábà ń tà lójú pópó Mẹ́síkò funfun, hóró rẹ̀ tóbi, ó kún ẹnu, kò sì dùn bí ṣúgà. Àgbàdo wa gan-an nìyẹn. Ẹ bi Yorùbá tó ń gbé Houston léèrè, á sọ fún yín pé àgbàdo òyìnbó dùn jù, kò sì ní láárí lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èyí tá a mọ̀. Àgbàdo tí wọ́n gbìn nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nínú oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, ló máa ń kún ọjà láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹjọ. Oko ṣì pọ̀ ní agbègbè Ifọ̀, ó sì pọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwòdé tí Mowe àti Ibafo wà, nítorí náà àgbàdo tí wọ́n ya láàárọ̀ lè wà lórí iná nírọ̀lẹ́. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Látìgbà tí wọ́n bá ti ya àgbàdo lára igi ni adùn inú rẹ̀ ti ń dínkù, tó ń le sí i. Ìyá alágbàdo á bó háhá rẹ̀, á tẹ́ ẹ sórí wáyà, á máa yí i, á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná. Kò fi epo sí i, kò fi iyọ̀ sí i. Àgbọn la fi ń jẹ ẹ́, tàbí ẹ̀pà, tàbí píà. Kí ló dé tó fi jẹ́ àgbọn? Torí àgbàdo sísun máa ń gbẹ lẹ́nu, ó ń wá ohun ọlọ́ràá tí yóò bá a rìn. Gbogbo ọgbọ́n àwọn ará Mẹ́síkò kò ju ìyẹn náà lọ. Àwọn náà rí i pé àgbàdo ń wá ọ̀rá, wọ́n wá mú máyónéèsì àti wàràkàṣì tiwọn tì í.

Elote ni wọ́n ń pè é. Ọmọláńke lẹni tó ń tà á máa ń tì kiri àdúgbò. Òmíràn ń se é, òmíràn ń sun ún lórí èédú. Wọ́n á ki igi bọ ìdí àgbàdo kí ọwọ́ má bàa jóná, wọ́n á fi máyónéèsì tàbí ìpara wàrà kíkan ra á yíká, wọ́n á bu wàràkàṣì tí wọ́n ti rún lé e, wọ́n á wọ́n ata gígún sí i, wọ́n á wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ọ̀rá, iyọ̀, ata, ìkan: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń pàdé lórí ahọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Òun ló ń gé ọ̀rá náà, tí kì í jẹ́ kó sú èèyàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní àjèjì oúnjẹ ni mo ń mú wọlé, kó rántí ibi tí àgbàdo fúnra rẹ̀ ti wá. Ní gúúsù Mẹ́síkò, ní àfonífojì odò Balsas, ni àwọn àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ koríko igbó kan tó ń jẹ́ teosinte di àgbàdo, ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn. Hóró koríko náà kò tó nǹkan, èèpo rẹ̀ sì le koko. Ìran dé ìran ni wọ́n ń ṣa èyí tó dára jù lọ gbìn, títí ó fi di ohun tá a lè gbé ka iná. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé lẹ́yìn ọdún 1492 ló gba orí òkun dé etíkun wa, pẹ̀lú ọkọ̀ àwọn Potogí. Kò pẹ́ tó fi di tiwa. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn amọ̀kòkò ayé àtijọ́ yí ṣùkù àgbàdo lára amọ̀ tútù láti fi ṣe ọnà, àmì rẹ̀ sì wà lára àpáàdì títí dòní. Frank Willett, tó ṣiṣẹ́ ìwádìí púpọ̀ ní Ifẹ̀, kọ̀wé ní 1962 lórí bí àgbàdo ṣe dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfríkà, ó sì gbé irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ yẹ̀wò. Ata náà, òdìkejì òkun ló ti wá. Àwọn ará Yucatán ní Mẹ́síkò ń jẹ ata kan tó jẹ́ ìyekan ata rodo wa, títa rẹ̀ kò sì yàtọ̀. Títí di ìsinsìnyí ni ọ̀nà náà ṣì ń gba èrò: àwọn onímọ̀ irúgbìn ní ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn IITA n'Íbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, àti àwọn ti CIMMYT ní Mẹ́síkò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966, jọ ń ṣiṣẹ́ lórí irú àgbàdo tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Áfríkà ń gbìn.

Wàràkàṣì wá ńkọ́? Cotija ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Michoacán ló ti gba orúkọ. Ó níyọ̀, ó gbẹ, ó máa ń rún wómúwómú, kì í sì í yọ́ tí iná bá kàn án. Àwọn èèyàn máa ń ná owó gọbọi lórí wàràkàṣì òyìnbó nítorí elote, bẹ́ẹ̀ èyí tí wọ́n rà á yọ́, á lẹ̀ mọ́ àgbàdo. Wàrà àwọn obìnrin Fúlàní ló yẹ ká lò. Omi ewé bòmubòmu ni wọ́n fi ń mú mílíìkì rẹ̀ dì, òun náà kì í yọ́ lórí iná. Ìdí nìyẹn tó fi ṣe é dín. Iyọ̀ àti gbígbẹ nìkan ló kù fún un, iṣẹ́ ilé sì nìyẹn. Ẹ ra èyí tó le dáadáa, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ sè é nínú omi iyọ̀ fún ìṣẹ́jú 10, torí ó ti lè wà nínú igbá láti àárọ̀. Ẹ wé e sínú aṣọ funfun, ẹ gbé ohun tó wúwo lé e títí omi rẹ̀ yóò fi ro tán. Lẹ́yìn náà, ẹ rún un sínú páànù gbígbẹ lórí iná jẹ́jẹ́, ẹ máa rò ó títí yóò fi gbẹ, tí yóò sì pọ́n díẹ̀. Ẹ tọ́ ọ wò. Ó yẹ kó níyọ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ, torí àgbàdo kò ní iyọ̀ kankan.

Ó wá ku àgbàdo. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti sun. Ẹ kí ìyá alágbàdo, ẹ ní, “Ẹ kú ọjà o, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yan tútù mẹ́fà tí kò tíì gbó jù.” Á ṣí háhá díẹ̀, á fi èékánná tẹ hóró: bí omi funfun bá tú jáde, ó ṣì kéré, bí kò bá sì gba èékánná, ó ti gbó. Èyí tó wà láàárín ni kí ẹ gbà. Nílé, ẹ jẹ́ kí èédú jó títí eérú fi bò ó, kí ọwọ́ iná ti lọ. Ẹ sun àgbàdo fún bí ìṣẹ́jú 15, ẹ máa yí i léraléra. Kó tó jinná, ẹ po máyónéèsì ṣíbí mẹ́rin pọ̀ mọ́ yúgọ́ọ̀tì tó ki, tí kò ní ṣúgà, ṣíbí méjì, aáyù kan tí ẹ gún kúnná, àti omi ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́. Ní ti ata, ata gbígbẹ ọjà wa máa ń ta ju èyí tí wọ́n ń wọ́n sórí elote lọ. Ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ yan án díẹ̀ kí ẹ tó gún un, kí òórùn rẹ̀ lè jáde. Gbàrà tí àgbàdo bá kúrò lórí iná ni kí ẹ ra á, ẹ yí i nínú wàrà, ẹ wọ́n ata sí i, ẹ fún ọsàn lé e. Bó bá tutù tán, nǹkan kan kò ní lẹ̀ mọ́ ọn mọ́.

Máyónéèsì kì í fara da ooru. Ìwọ̀nba tí ẹ máa lò ni kí ẹ pò, kí ẹ má gbé èyí tó kù sílẹ̀ di ọ̀la.

Àwọn àgbàlagbà tí eyín ti ń yọ lẹ́nu kò ní pàdánù. Esquites ni àwọn ará Mẹ́síkò ń pe ti inú ife: ẹ fi ọ̀bẹ gé hóró kúrò lára ṣùkù, ẹ fi bọ́tà àti àlùbọ́sà dín in, ẹ bu gbogbo èròjà yẹn lé e, kí wọ́n fi ṣíbí jẹ ẹ́. Wọ́n ń fi ewé olóòórùn kan tó ń jẹ́ epazote sí i. Efinrin ni mo ń fi rọ́pò, ó sì bá a mu gan-an.

Ẹni tí kò bá sì lè jẹ máyónéèsì, kó padà sọ́dọ̀ àgbọn. Ẹ rin odidi kan, ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ fún wàrà rẹ̀ kó ki, ẹ gbé e ka iná pẹ̀lú iyọ̀ títí yóò fi tún ki sí i, ẹ fi ra àgbàdo, kí ẹ wá fi ata àti ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú ẹni tó bá sọ pé òun ò jẹ oúnjẹ òyìnbó.