Olùdámọ̀ràn Ẹ̀kọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga

Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pa kíláàsì jẹ, olùkọ́ a bá a wí, wọn a sì ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kò sí ẹni tí í lé ni kiri bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń yan olùkọ́ kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kọ̀ọ̀kan, kí ó jẹ́ olùdámọ̀ràn wọn.

Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí àwọn ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ní ọdún 2022 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe tí ó wà ní Ìkòròdú di yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀-ẹ̀rọ. Ní ọdún kan náà ni kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́ tí ó wà ní Noforíjà, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, di apá kan yunifásítì ẹ̀kọ́ ti ìpínlẹ̀ náà. Kọ́lẹ́jì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Yábàá pẹ̀lú ní ẹ̀ka ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ọmọ apẹja tí ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú ẹbí rẹ̀ tí yóò dé irú ibẹ̀, ta ni yóò bi léèrè nílé? Olùdámọ̀ràn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó fọwọ́ sí ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ. Ìṣirò ni ó yẹ kí wọ́n bá a jókòó ṣe. Ọdún méjì, èyí tí í ṣe sáà mẹ́rin, ni a fi ń gba dípúlómà àkọ́kọ́, 4.00 sì ni máàkì tí ó ga jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe dípúlómà gíga lẹ́yìn ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ a máa nílò 2.50, ó kéré tán. Bí iṣẹ́ sáà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì gba 1.80 ní sáà kìn-ín-ní, bí ó bá ń gba 2.74 ní mẹ́ta tí ó kù, ọwọ́ rẹ̀ yóò tẹ̀ ẹ́. Èyí kò kọjá agbára ẹni tí ó tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ń tì í, tí ó dákẹ́, tí ìpíndọ́gba sáà mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 2.10, a jẹ́ pé 3.70 ni yóò gbà ní sáà ìkẹyìn. Mélòó ni ó lè gbà á?

Èyí tí ó tún burú ni iṣẹ́ tí a fìdí rẹmi nínú rẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní kárí-ófà. Iṣẹ́ sáà kìn-ín-ní kì í sábà padà wá títí di ọdún kejì, bí iṣẹ́ mìíràn bá sì dúró lé e lórí, méjèèjì ni yóò dúró.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí kọ́lẹ́jì ọlọ́dún méjì pọ̀ sí, àwọn kan wà tí ìmọ̀ràn nìkan jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ní Nàìjíríà, olùkọ́ tí ń kọ́ni ni ó ń fi í kún iṣẹ́ rẹ̀, a kì í sì í tètè bá a nílé. Ti àwọn mìíràn tilẹ̀ pọ̀ jù, èyí kò sì dára. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní sáà ni ó yẹ kí a lọ, pẹ̀lú èsì ìdánwò lọ́wọ́, kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí. Iṣẹ́ tí a kò bá forúkọ sílẹ̀ fún, kò ní èsì, bí a tilẹ̀ jókòó nínú kíláàsì rẹ̀ lójoojúmọ́.