Bírékà: èyí tí ń ṣọ́ wáyà àti èyí tí ń ṣọ́ ènìyàn

bírékà, ọ̀rọ̀-orúkọ, àyálò láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ kékeré tí í já iná mànàmáná fúnra rẹ̀ nígbà tí ewu bá dé.

Ìlò. Orúkọ kan yìí ni a fi ń pe ẹ̀rọ méjì tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra. Kí ògbufọ̀ tó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé: kí ni bírékà náà ń ṣọ́?

1. Bírékà tí ń ṣọ́ wáyà, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní MCB. Ìwọ̀n iná tí ń gba inú wáyà kọjá ni ó ń wò. Bí ohun tí a tan bá pọ̀ ju agbára wáyà lọ, irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ a gbóná, a tẹ̀, iná a sì já. Bí wáyà méjì bá fara kanra, mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ a já a lójú ẹsẹ̀.

2. Bírékà tí ń ṣọ́ ènìyàn, èyí tí wọ́n ń pè ní RCD. Ó ń fi iná tí ó jáde lọ wé èyí tí ó padà. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, a jẹ́ pé apá kan ti gba ibòmíràn lọ, bóyá ara ènìyàn. Èyí tí a sábà ń fi dáàbò bo ènìyàn a máa já bí ìyàtọ̀ náà bá tó 0.03 áńpíà.

Ìkìlọ̀. Bí áńpíà 1 bá gba ara ènìyàn kọjá, ó lè pa á; síbẹ̀ MCB alágbára áńpíà 16 kò ní já, nítorí lójú tirẹ̀ iná náà kò pọ̀. RCD nìkan, ní tirẹ̀, kì í já nítorí pé ẹrù wáyà pọ̀ jù. RCBO ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, má ṣe túmọ̀ RCD sí “bírékà” lásán. Kọ “bírékà tí í já iná kí ó má baà pa ènìyàn”.

Fi wé: fíúsì. Fíúsì a máa jó, a ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Bírékà a máa já, a ó sì gbé e sókè padà, lẹ́yìn tí a bá ti wá ohun tí ó já a rí.